Iwin, àbẹ́là òkú àti àwọn tó ń kan àpáta nísàlẹ̀ kùsà: ìtàn àwọn àfonífojì gúúsù Wales

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Merthyr

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Merthyr Tydfil ní gúúsù Wales ni mò ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ awakùsà èédú ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń tọ́jú. Bí wọ́n bá ti mu tíì alẹ́ tán, ìtàn ló kù. Mo fẹ́ ká jọ gbé ìtàn wọn yẹ̀ wò níbí, torí ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé nílẹ̀ yìí, ọjà àti ibi iṣẹ́ nìkan la mọ̀. A ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn òkè tó yí wa ká.

Fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí: òkè ló wà lápá àríwá, odò sì ń ti orí òkè wọ̀nyẹn ṣàn lọ sókun. Taf, Cynon, Rhondda méjèèjì, Rhymni, Ebwy, Nedd, odò kọ̀ọ̀kan ló ní àfonífojì tirẹ̀, tóóró, gígùn, ilé wá tò lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Kí wọ́n tó máa wa èédú, àgbẹ̀ àti darandaran ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn ló ni ìtàn Tylwyth Teg, àwọn ẹ̀dá kékeré tó ń gbé abẹ́ òkè àti inú adágún. Ní Glamorgan, wọn kì í fẹ́ dárúkọ wọn bẹ́ẹ̀. Bendith y Mamau ni wọ́n ń pè wọ́n, ìbùkún àwọn ìyá, kí wọ́n má baà bínú. Ẹni tó bá ti gbọ́ kí àgbàlagbà nílé wa sọ pé "àwọn ìyá wa" mọ irú ìbẹ̀rù tó wà nídìí ẹ.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni canwyll corff, àbẹ́là òkú. Iná kékeré kan ni. Á jáde láti ilé ẹni tó fẹ́ kú, á máa bá ojú ọ̀nà tí wọn yóò gbé pósí gbà lọ, títí yóò fi wọ ibi ìsìnkú. Bí iná náà bá pupa, ọkùnrin ni yóò kú. Bó bá funfun, obìnrin ni. Bó bá kéré tó sì jẹ́ búlúù, ọmọdé ni. Wọ́n ní Dewi mímọ́, ẹni tí gbogbo Wales ń ṣọdún rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹta, ló bá wọn bẹ Ọlọ́run pé kí àmì máa ṣíwájú ikú, kí èèyàn lè múra. Ẹni tó bá pàdé iná yìí lọ́nà gbọ́dọ̀ yà fún un. Toili tún wà, ìsìnkú òjìji: gbogbo èrò ìsìnkú, pósí, àlùfáà, ẹṣin, wọ́n á máa kọjá lójú ọ̀nà lóru kí ẹni tí wọ́n fẹ́ sin tiẹ̀ tó ṣàìsàn. Wọ́n sọ pé èrò náà lè há èèyàn mọ́ ògiri, kó má lè mí.

Ìbéèrè mi rèé: kí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ìtàn wọn fi jẹ́ ti àmì ikú?

Àkànní_Ọ̀tà

Ẹ kú ìròyìn. Mi ò gbé ojú kúrò lórí ìtàn yìí láti òwúrọ̀. Ǹjẹ́ wọ́n ṣì gbà á gbọ́, àbí àlọ́ lásán ni lójú wọn? Ẹranko ńkọ́, ṣé wọ́n ní ẹranko ẹlẹ́mìí?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Merthyr

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, àwọn ọ̀dọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Àwọn àgbà kì í sọ pé àwọn gbà á gbọ́, wọ́n á ní "ìyá mi rí i." Ẹ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Ẹranko wà, Cŵn Annwn, àwọn ajá ayé kejì. Ajá funfun tí etí wọn pupa, nínú ìtàn àtijọ́ ti Pwyll ọba Dyfed, Arawn ọba Annwn ló ni wọ́n. Àwọn tó gbọ́ wọn lóru sọ nǹkan kan tó máa ń mú orí mi wú: bí ohùn wọn bá ròkè, wọ́n jìnnà. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni ohùn wọn ń lọ sílẹ̀. Ìgbà tó o bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ wọn mọ́, ẹ̀yìn ẹ ni wọ́n wà.

Ìyá_Ìbejì_Swansea

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ikú fúngbà díẹ̀, kí n sọ ìtàn tí mo fẹ́ràn jù, ti Llyn y Fan Fach.

Adágún kan wà lẹ́sẹ̀ Òkè Dúdú, ní Carmarthenshire. Ọmọ opó kan láti Blaensawdde ń da màlúù níbẹ̀. Ó rí obìnrin kan tó jókòó lórí omi, omi yẹn gan-an ló fi ń ṣe dígí, ó ń ya irun. Ọmọkùnrin na búrẹ́dì bálì àti wàràkàṣì ọwọ́ rẹ̀ sí i. Obìnrin náà ní búrẹ́dì rẹ̀ ti gan jù, ọwọ́ kò lè tètè tẹ òun, ó wọmi lọ. Ìyá ọmọ ní kó mú ìyẹ̀fun tí wọ́n pò tí wọn ò sun dání lọ́jọ́ kejì. Obìnrin náà ní tiẹ̀ rin jù, òun ò fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kẹta, ó mú èyí tí wọ́n sun díẹ̀. Ó dúró títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Ìgbà tó fẹ́ máa lọ ló rí màlúù tó ń rìn lórí omi, obìnrin náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ó gba búrẹ́dì.

Bàbá obìnrin náà jáde láti inú omi pẹ̀lú ọmọbìnrin méjì tí ojú wọn jọra, ó ní kó mú tirẹ̀. Ó wò títí, ojú kò ríran yà wọ́n sọ́tọ̀, àfìgbà tí ọ̀kan rọra ti ẹsẹ̀ síwájú. Bó ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹrù ìyàwó ni iye àgùntàn, màlúù, ewúrẹ́ àti ẹṣin tó bá lè kà lẹ́ẹ̀kan láìmí. Obìnrin náà gbọ́n: márùn-ún márùn-ún ló ń kà á, "ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún," títí èémí fi pin. Májẹ̀mú kan ló wà níbẹ̀: bí ọkọ bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹta láìnídìí, ó ti lọ nìyẹn.

Wọ́n gbé ní Esgair Llaethdy nítòsí Myddfai, wọ́n bí ọkùnrin mẹ́ta. Lọ́jọ́ ìsàmì ọmọ kan, obìnrin ń fà sẹ́yìn, ọkọ fi ìbọ̀wọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká pé kó yára. Ìkan. Níbi ìgbéyàwó, obìnrin bú sẹ́kún láàárín àwọn tó ń yọ̀, ọkọ tọ́ ọ. Ó ní ẹkún òun ni pé ìdààmú àwọn tọkọtaya yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èjì. Níbi ìsìnkú, ó rẹ́rìn-ín, ọkọ fọwọ́ kàn án pé kó dákẹ́. Ó ní ẹni tó kú ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Ẹ̀ta. Ó dìde, ó lọ sí oko, ó ń pe màlúù rẹ̀ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀ lé e. Ọmọ màlúù dúdú tí wọ́n ti pa, tó ń rọ̀ lórí ìkọ́, sọ̀ kalẹ̀, ó yè, ó tẹ̀ lé e. Akọ màlúù mẹ́rin tó ń tú ilẹ̀ fa ohun ìtúlẹ̀ lẹ́yìn wọmi, ipa rẹ̀ sì wà nílẹ̀ títí dé etí adágún.

Ẹ wo ọkùnrin yẹn. Kò lù ú rárá, bí àwa ṣe mọ lílù. Àmọ́ ó ti gbà pé òun ò ní ṣe é.

Olùkọ́_Àdìó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀: àwọn ọmọ rẹ̀ ń rìn káàkiri etí adágún, wọ́n ń wá ìyá wọn. Lọ́jọ́ kan ó jáde sí Rhiwallon, àgbà ọmọ, ó sì fi ewé àti egbò hàn án. Ìdílé yẹn làwọn èèyàn ń pè ní oníṣègùn Myddfai. Rhys Gryg, olórí ilẹ̀ Deheubarth ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ni wọ́n ní Rhiwallon ṣètọ́jú fún. Ìwé ìṣègùn tó ń jẹ́ orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé àfọwọ́kọ Wales ti sànmánì àtijọ́. Ìtàn yìí kò kàn ń dá wa lára yá nìkan, ó ń sọ ibi tí ìmọ̀ ewé ìdílé kan ti wá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ọdẹ tó fẹ́ obìnrin tó bọ́ awọ ẹranko sílẹ̀, tí wọ́n ní kó má sọ ibi tó ti rí i, ẹ ti mọ egungun ìtàn yìí. Èèwọ̀ kan, ọkọ tó gbàgbé, obìnrin tó padà. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé ọdẹ tiwa ló tú àṣírí, lọ́pọ̀ ìgbà ọtí ló fi tú u. Ti Wales kò tú àṣírí kankan. Ìwà ilé ni wọ́n fi dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà fún Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Llyn y Fan Fach kò sí nínú àfonífojì èédú gan-an, ó wà lápá ìwọ̀-oòrùn. Ẹ wá lọ sí Ferndale ní Rhondda Fach, ẹ ó rí Llyn y Forwyn, adágún wúńdíá. Wọ́n ní àgbẹ̀ ìlú yẹn fẹ́ obìnrin omi kan tó ń jẹ́ Nelferch níbẹ̀, ìyẹn náà sì padà sómi. Àárín ìlú awakùsà ló wà.

Lékan_Ẹnjiníà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú làákàyè. Ìmọ̀ ìwakùsà ni mo kọ́ ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n mú wa sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò.

Àwọn awakùsà Wales ní iwin tiwọn, coblynau. Ní 1754, Lewis Morris kọ lẹ́tà nípa wọn. Òun fúnra rẹ̀ mọ kùsà òjé Cardiganshire dáadáa. Ó ní èèyàn rere ni wọ́n, ibi tí wọ́n bá ti ń kan àpáta, kí awakùsà gbẹ́ ibẹ̀, òjé wà níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1880, Wirt Sikes, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Cardiff, ti kó ohun tí àwọn awakùsà sọ fún un jọ: wọn ò ga ju ìdajì yáàdì, ojú wọn burú, wọ́n múra bí awakùsà, dígà kékeré àti àtùpà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ kárakára, àmọ́ èédú kankan ò tọwọ́ wọn jáde. Bí èèyàn bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, òkúta á máa bọ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú béèrè ìdí tí àmì ikú fi pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tèmi wà nínú igi. Òpó igi ni wọ́n fi ń gbé òrùlé kùsà ró. Bí òkè bá ń wọlẹ̀, igi á kọ́kọ́ máa han, á máa dún kẹ́kẹ́, kó tó ṣẹ́. Irin kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ awakùsà àtijọ́ fi fọkàn tán igi ju irin lọ: igi á sọ fún ẹ kó tó pa ẹ́. Omi ń kán, gáàsì ń tú jáde láti inú èédú pẹ̀lú ariwo bí ìgbà tí nǹkan ń hó, àpáta ń sún. Ẹni tó wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú àtùpà kan, etí rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tó bá gbọ́ kíkan tó sì sá, ó ṣeé ṣe kó délé. Mo gbà pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tuntun láti fetí sílẹ̀ nìyẹn, wọ́n fi iwin kọ́ ọ.

Ẹ gbọ́ ti Morfa, nítòsí Port Talbot. Ní Oṣù Kẹta 1890, kí kùsà yẹn tó bú gbàù, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sọ pé àwọn ń gbọ́ ohùn, pé òórùn òdòdó ń rùn nínú ihò níbi tí òdòdó kankan ò lè hù. Ọ̀pọ̀ kọ̀, wọn ò lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù yẹn, gáàsì gbiná, èèyàn 87 kú. Ní Senghenydd, ọjọ́ kẹrìnlá Oṣù Kẹwàá 1913, gáàsì gbiná, eruku èédú ràn án lọ sí gbogbo ihò, awakùsà 439 lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan sì tún kú nínú àwọn tó lọ dóòlà. Kò sí kùsà tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo Britain. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó máa béèrè ìdí tí wọ́n fi ń rí àbẹ́là lójú ọ̀nà.

Àwọn kan tún wà tí wọn ò ní wọ ihò bí wọ́n bá pàdé obìnrin lọ́nà ní ìdájí, tàbí bí wọ́n bá rí ẹyẹlé tó ń rábàbà lẹ́nu kùsà. Wọ́n á padà sílé, owó ọjọ́ yẹn á sì lọ. Tálákà kì í fi owó iṣẹ́ ṣeré.

Àkànní_Ọ̀tà

Ẹnjiníà, ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́. 439. Láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ajíhìnrere_Sámúẹ̀lì

Mo kí gbogbo ilé ní orúkọ Jésù. Ọkàn mi kò balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní fi pamọ́. Wales yìí kan náà ni ìsọjí ńlá 1904 ti bẹ̀rẹ̀. Evan Roberts tí Ọlọ́run lò, awakùsà ni tẹ́lẹ̀, ní Loughor. Àwọn awakùsà ń gbàdúrà nínú ihò. Kí ló dé tí a fi ń gbé iwin ga nílẹ̀ tí irú iná bẹ́ẹ̀ ti jó? Ẹ̀mí tó ń sọ ọjọ́ ikú fún èèyàn, ibo ló ti rí i gbọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra.

Olùkọ́_Àdìó

Ajíhìnrere, mo gbọ́ yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún àníyàn yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa àlùfáà kan tí ẹ lè fẹ́ràn. Edmund Jones ni orúkọ rẹ̀, 1702 ni wọ́n bí i, ó kú ní 1793. Ọmọ ìjọ Aberystruth ní Monmouthshire ni, ó wàásù ní Pontypool fún ọ̀pọ̀ ọdún, Wòlíì Àgbà sì ni wọ́n ń pè é. Ní 1780 ó tẹ ìwé kan jáde tó kún fún iwin, òkú, ajá Annwn àti àbẹ́là òkú. Kò kọ ọ́ láti gbé iwin ga. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ ti ń sọ pé kò sí ẹ̀mí, ó sì rò pé ẹni tó bá ti kọ ẹ̀mí, ó kù díẹ̀ kó kọ Ọlọ́run. Ó ń lọ láti abúlé sí abúlé láti wàásù, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ pé wọn kì í purọ́, ó ń kọ orúkọ abúlé, ó ń kọ orúkọ ẹni tó rí i.

Òun náà rí i. Ó ní ọmọdé ni òun, òun àti àbúrò òbí òun obìnrin ń lọ ní òwúrọ̀ kùtù, òun rí ohun tó jọ ọgbà àgùntàn, àwọn kan ń jó níbẹ̀, àwọn kan jókòó. Ó rántí obìnrin kan tó dé fìlà gíga tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa. Ojú wọn funfun bí ti òkú. Nígbà tó sọ ọ́, àǹtí rẹ̀ kò rí nǹkan kan, kò sì sí ọgbà àgùntàn níbẹ̀ rí. Ó di àgbàlagbà, ó di àlùfáà, kò sẹ́ ẹ.

Lọ́wọ́ rẹ̀ náà la ti gbọ́ nípa ẹ̀mí inú ilé Trwyn ní Mynyddislwyn, tí wọ́n wá ń pè ní Pwca'r Trwyn, tó ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ tí wọn ò rí i. Ká sọ pé ó dákẹ́ nítorí pé ó jẹ́ àlùfáà ni, gbogbo àgbègbè yẹn ì bá ti pàdánù ohùn àwọn baba wọn.

Ajíhìnrere_Sámúẹ̀lì

Olùkọ́, ẹ ṣeun. Mi ò mọ̀ nípa bàbá yìí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ láìparọ́, mi ò ní bá a jà. Ìkìlọ̀ mi ṣì dúró fún ẹni tó bá fẹ́ máa wá wọn kiri.

Nọ́ọ̀sì_Ìbàdàn

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí kò dùn mọ́ mi, mo sì fẹ́ ká yà síbẹ̀. Wọ́n gbà pé Tylwyth Teg máa ń jí ọmọ tó rẹwà, wọ́n á wá fi tiwọn rọ́pò, ọmọ tí kì í dàgbà, tó ń ké ṣáá, tí orí rẹ̀ tóbi. Plentyn newid ni wọ́n ń pè é. Ìtàn kan láti Trefeglwys sọ nípa ìbejì. Ìyá fura pé wọ́n ti pààrọ̀ àwọn ọmọ òun. Ọlọ́gbọ́n kan ní Llanidloes ní kó se oúnjẹ àwọn olùkórè nínú èèpo ẹyin adìẹ, kó fetí sílẹ̀. Ó ṣe é. Àwọn ọmọ ọwọ́ náà lanu, wọ́n ní àwọn ti rí èso igi óákù kó tó di igi, àwọn ti rí ẹyin kó tó di adìẹ, àmọ́ àwọn ò rí i rí kí wọ́n se oúnjẹ olùkórè nínú èèpo ẹyin. Ìyá gbé ìbejì náà, ó jù wọ́n sínú adágún Llyn Ebyr. Nínú ìtàn, àwọn kúrékùré wá gbé tiwọn, ìyá sì rí ọmọ tirẹ̀ padà.

Nínú ìtàn nìyẹn. Ní ilé ayé, ọmọ tí kì í dàgbà tí orí rẹ̀ tóbi, àìsàn ló ní. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n bu gbẹ́rẹ́ sí lára torí wọ́n ní àbíkú ni, ẹ̀jẹ̀ onídòjé ló ń bá a jà. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó ń sunkún nígbà tó ń fi àpá yẹn hàn mí. Ìyá Trefeglwys náà kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìkórìíra, ọmọ tirẹ̀ ló ń wá. Mi ò lè ka ìtàn yìí bí àlọ́.

Ìyá_Ìbejì_Swansea

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo ti gbé àwọn ọmọ tèmi mọ́ra kí n tó lè dáhùn. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Merthyr

Àmín o. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gidigidi. Irú èyí ló mú mi ṣí ìjíròrò yìí.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní kọ sí mi lábẹ́lẹ̀ pé ṣé ẹni tó lọ sọ́dọ̀ wọn máa ń padà. Ó máa ń padà, àmọ́ kì í padà bó ṣe lọ. Ní àfonífojì Nedd, ọ̀rẹ́ méjì, Rhys àti Llewelyn, ń da ẹṣin lọ sílé nírọ̀lẹ́. Rhys ní òun gbọ́ orin, kí Llewelyn máa lọ, òun ń bọ̀. Llewelyn kò gbọ́ orin kankan. Rhys kò dé. Wọ́n wá a títí, wọ́n wá mú Llewelyn pé òun ló pa á, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ẹnì kan tó mọ ọ̀rọ̀ iwin ní kí wọ́n mú un padà síbẹ̀. Llewelyn tẹ etí agbo ijó tó wà nínú koríko, lójú ẹsẹ̀ ló gbọ́ háàpù, ó rí Rhys tó ń jó láàárín àwọn kékeré náà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń rí i. Wọ́n fà á jáde tipátipá. Rhys ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni òun fi jó, kí wọ́n jẹ́ kí òun da ẹṣin lọ sílé. Kò gbà gbọ́ pé ó ti pẹ́. Ó ń ronú ṣáá, ó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó kú láìpẹ́.

Olùkọ́_Àdìó

Agbègbè yẹn náà ni èyí tó pẹ́ jù tí wọ́n kọ sílẹ̀ ti wá. Gerald ará Wales rin Wales já ní 1188 pẹ̀lú Baldwin, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, tí wọ́n ń pe èèyàn sí ogun ìsìn. Ó kọ ìtàn àlùfáà kan, Elidyr, nítòsí Swansea àti Neath. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlá, ó sá fún ẹgba olùkọ́, ó fara pamọ́ sábẹ́ bèbè odò. Ọkùnrin kékeré méjì mú un gba ojú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ìlú kan tí oòrùn kì í ràn dáadáa. Wọn kì í jẹ ẹran, wọn kì í jẹ ẹja, wàrà ni oúnjẹ wọn. Irọ́ ni wọ́n kórìíra jù lọ. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá ní kó mú wúrà wá. Ó jí bọ́ọ̀lù wúrà tí ọmọ ọba fi ń ṣeré, ó sáré délé, ó fẹsẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó ṣubú. Àwọn méjì tó ń lé e gbé bọ́ọ̀lù náà, wọ́n tutọ́ sí i lára, wọ́n lọ. Kò rí ojú ọ̀nà yẹn mọ́ láéláé. Gerald ní títí tó fi darúgbó, omijé ló ń bọ́ lójú rẹ̀ tó bá ń sọ ọ́ fún bíṣọ́ọ̀bù David ti St Davids.

Mo máa ń ronú lórí omijé yẹn. Àlùfáà ni. Kò sí ohun tó fẹ́ fi irọ́ gbà.

Àkànní_Ọ̀tà

Ibo ni wọ́n wá lọ o? Àwọn tó ń jó lórí koríko.

Lékan_Ẹnjiníà

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí koríko náà. Ilé iṣẹ́ irin Dowlais bẹ̀rẹ̀ ní 1759, Cyfarthfa ní 1765, méjèèjì ní Merthyr. Wọ́n ní Tylwyth Teg kì í fẹ́ kí irin kàn wọ́n. Ìlú kan wá jókòó tí ojú ọ̀run rẹ̀ pupa fún iná irin lóru. Rhondda ńkọ́? Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àgbẹ̀ díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ní 1911, ó ti ju 150,000 èèyàn lọ. Ibo ni agbo ijó kan máa wà níbẹ̀?

Àwọn ará àfonífojì Nedd sọ pé Craig y Ddinas ni ibùdó wọn tó gbẹ̀yìn ní Wales, àpáta ńlá kan lẹ́bàá Pontneddfechan. Ìtàn mìíràn tún wà nídìí àpáta yẹn. Ará Wales kan gbé ọ̀pá igi hazel lọ sí London. Lórí afárá, ọlọ́gbọ́n kan bi í níbi tó ti gé e. Wọ́n padà síbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ìdí igi náà, wọ́n bá ihò kan níbi tí Arthur, ọba inú ìtàn àtijọ́ wọn, àti àwọn jagunjagun rẹ̀ ti ń sùn, wúrà àti fàdákà jọ gègèrè. Agogo kan rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá dún, jagunjagun kan á béèrè bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Èsì ni: rárá, máa sùn. Ó mú wúrà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, ó gbàgbé èsì, wọ́n dìde, wọ́n nà án, kò sì rí ẹnu ihò náà mọ́.

Olùkọ́_Àdìó

Ẹnjiníà, ìkìlọ̀ kan lórí èyí. Ọ̀dọ̀ Iolo Morganwg ni ìtàn ihò yẹn ti dé ọwọ́ wa. Ọmọ Glamorgan ni, ó ń gbẹ́ òkúta fún iṣẹ́ jẹun, ó kú ní 1826. Ó mọ ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, ó sì ń ṣàdàlù: ó ń kọ tirẹ̀, ó ń pè é ní ti àtijọ́. Ẹni tó fẹ́ kó ìtàn yìí jọ ní láti mọ ẹni tó gbé e wá. Èyí tí Edmund Jones gbà lẹ́nu aládùúgbò ní orúkọ àti ojúlé. Mo fẹ́ràn ti Iolo, àmọ́ èmi ò ní fi ṣe ẹ̀rí.

Lékan_Ẹnjiníà

Mo gbà, sà. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni.

Àkànní_Ọ̀tà

Oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń wá kí àbúrò mi ní Cardiff. Mo fẹ́ dé Craig y Ddinas. Báwo ni mo ṣe máa rìn ín?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Merthyr

Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló rọrùn jù. Ẹ wá bá mi ní Merthyr, ká gba Hirwaun lọ sí Pontneddfechan. Àyè wà láti gbé mọ́tò sí lẹ́sẹ̀ àpáta náà gan-an. Láti ibẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ ń gòkè lọ sí Sgwd yr Eira, ìṣàn omi tí èèyàn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bàtà tó nípọn ni kẹ́ ẹ wọ̀, òkúta ibẹ̀ máa ń yọ̀ gan-an bí òjò bá ti rọ̀, òjò sì máa ń rọ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn àgbà fúnra wọn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé St Fagans wà lẹ́bàá Cardiff, wọ́n ti gba ohùn àwọn arúgbó Wales sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì_Swansea

Ẹ bá mi fi àyè mẹ́ta sílẹ̀ nínú mọ́tò. Màá gbé búrẹ́dì wá.